Ta Ni Yóò Di Òṣùwọ̀n Iná Mú?

Gbogbo ọpẹ́ jẹ́ ti Ọlọ́hun, Ọba tí ó dá ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn, tí ó sì fi ìwọ̀n sí ohun gbogbo tí ó dá. Ìkẹ́ àti ìgẹ̀ Ọlọ́hun kí ó máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀ lápapọ̀. 

Àwa tí ó jẹ́ pé iṣẹ́ iná mànàmáná ni a fi ń jẹun láti ayé NEPA, a kì í lè kírun tán kí á dìde jẹ́ẹ́ lọ sílé. Ẹnìkan á ti dúró dè wá lẹ́nu ọ̀nà mọ́sáláásí: "Ẹ̀yin ará NEPA, kí ló dé tí ẹ tún mú un lọ?" Láti ọdún 2005 ni orúkọ yẹn ti kúrò nílẹ̀, ṣùgbọ́n kò tíì kúrò lẹ́nu ènìyàn. Ìbéèrè tí wọ́n ń bi wá jùlọ ni pé: ṣé ìjọba kò ti ta iná fún àwọn oníṣòwò ni? Kí ló wá dé tí Nàìjíríà láti òkè dé ìsàlẹ̀ fi ń ṣókùnkùn lẹ́ẹ̀kan náà? Ọ̀rọ̀ sùnnùkùn ni, ojú sùnnùkùn ni a ó sì fi wò ó.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mọ irú ọjà tí iná jẹ́. Ìyá tí ó ń ta gààrí, bí kò bá rí oníbàárà lónìí, yóò di ẹnu àpò rẹ̀, yóò sì tún tú u lọ́la. Iná kò rí bẹ́ẹ̀. Ìṣẹ́jú tí wọ́n bá pèsè rẹ̀ ni wọ́n gbọ́dọ̀ lò ó. Bátìrì wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò tíì sí èyí tí a ní ní Nàìjíríà tí ó lè gbé odidi orílẹ̀-èdè. Nítorí náà, ní gbogbo ìṣẹ́jú tí Ọlọ́hun dá, ohun tí àwọn ẹ̀rọ ń pèsè àti ohun tí àwọn ilé, ilé-ìwòsàn àti ilé-iṣẹ́ ń lò gbọ́dọ̀ dọ́gba. Àmì tí a fi ń mọ̀ pé wọ́n dọ́gba ni nọ́ńbà kan ṣoṣo: 50. Ìgbà àádọ́ta ni iná gbọ́dọ̀ máa lọ kí ó sì máa bọ̀ lójú wáyà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí àwọn tí ń lò ó bá pọ̀ ju ohun tí ẹ̀rọ ń pèsè lọ, nọ́ńbà náà á bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀; bí ẹ̀rọ bá ń pèsè ju ohun tí à ń lò lọ, á gòkè. A kò fẹ́ kí ó kúrò láàrin 49.75 sí 50.25.

Ohun tí wọ́n ń pè ní gíríìdì ni àwọn ìlà wáyà ńláńlá tí ó so gbogbo ilé-ẹ̀rọ pọ̀ mọ́ gbogbo ìlú. Ẹ̀rọ tí omi ń yí ní Kainji àti èyí tí gáàsì ń yí ní Egbin, lẹ́bàá Ìkòròdú, ìlù kan náà ni wọ́n jọ ń jó sí. Ẹ wò ó bí àwọn tí ó tò ní sáfù lẹ́yìn lèmọ́mù kan: bí ó bá tẹ̀, gbogbo wọn a tẹ̀, bí ó bá gbórí sókè, gbogbo wọn a gbórí sókè. Ìdí nìyẹn tí àìsàn ibì kan fi lè di àìsàn gbogbo ara.

Ìtàn rẹ̀ kò kúrú. Ní ọdún 1896 ni iná mànàmáná kọ́kọ́ tàn ní Èkó. Fún ìgbà pípẹ́, ìlú kọ̀ọ̀kan ló ń dá ẹ̀rọ tirẹ̀ lò. Òfin ọdún 1950 ló dá ECN sílẹ̀. Ọdún 1962 ni wọ́n fi ìlà so Èkó mọ́ Ìbàdàn, ọdún yẹn náà ni wọ́n dá àjọ tí yóò mójú tó ìdídò odò Ọya sílẹ̀. Kainji bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1968. Ní 1972, wọ́n da àjọ méjèèjì pọ̀, wọ́n sì sọ ọ́ ní NEPA. Òṣogbo ni wọ́n fi ṣe ibi tí a ti ń darí gbogbo rẹ̀, ibẹ̀ náà ni ó sì wà títí di òní. Àwọn ará ìlú tí wọ́n ń kọjá lọ sí ọjà kò mọ̀ pé láàrin wọn níhìn-ín ni wọ́n ti ń wọn ìmọ́lẹ̀ Mádúgùrì àti ti Port Harcourt.

Nígbà tí ilé jẹ́ ọ̀kan, ọ̀rọ̀ yàrá ìdarí jẹ́ àṣẹ. Bí nọ́ńbà bá ń wálẹ̀, ẹni tí ó wà nídìí tábìlì á gbé tẹlifóònù: "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ bá wa fi 40 megawatts kún un." Ẹni tí ó gbọ́ kò béèrè ẹni tí yóò sanwó; ọ̀gá kan náà ló ń san owó oṣù gbogbo wa. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé à ń yin ayé àtijọ́ ju bí ó ti yẹ lọ. Àpò kan náà tí gbogbo wa ń tọwọ́ bọ̀ kì í kún. Ẹ̀rọ ń gbó, owó àtúnṣe kò dé, ọ̀pọ̀ ọdún sì kọjá tí a kò fi ilé-ẹ̀rọ ńlá tuntun kan kún èyí tí ó wà, bẹ́ẹ̀ ni ènìyàn ń pọ̀ sí i. Ẹni tí ó bá ní àtúntò kò tọ́ rárá, kò rántí òkùnkùn àwọn ọdún náà.

Àtúntò náà dé. Òfin ọdún 2005 sọ NEPA di PHCN, ó sì dá àjọ NERC sílẹ̀ láti máa ṣe onílàjà àti aláṣẹ ọjà. Wọ́n pín PHCN sí ọ̀nà 18: mẹ́fà fún ìpèsè iná, mọ́kànlá fún pínpín rẹ̀ dé ilé, àti ẹyọ kan, TCN, fún ìlà ńláńlá. Ní ọdún 2010 wọ́n dá NBET sílẹ̀, alágbàtà tí yóò máa ra iná lọ́wọ́ àwọn tí ń pèsè, tí yóò sì máa tà á fún àwọn tí ń pín in. Nígbà tí ó di ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 2013, ìjọba kó kọ́kọ́rọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń pín iná lé àwọn oníṣòwò lọ́wọ́: ìpín 60 nínú ọgọ́rùn-ún di tiwọn, 40 ṣẹ́kù sọ́wọ́ ìjọba. TCN nìkan ni kò tà. A rí àwọn àgbà iṣẹ́ tí ó mọ ìlà kọ̀ọ̀kan bí àgbẹ̀ ti í mọ ọ̀nà oko, tí wọ́n gba owó ìdágbére, tí wọ́n sì gba ilé wọn lọ. Ìmọ̀ tí kò sí nínú ìwé kankan bá wọn lọ.

Ohun tí ó yí padà ní yàrá ìdarí kì í ṣe wáyà, ọ̀rọ̀ ẹnu ni. Àṣẹ di àdéhùn. Tẹ́lẹ̀, a lè ní kí ẹ̀rọ kan má ṣe gbé gbogbo agbára rẹ̀ síta, kí ó fi díẹ̀ pamọ́ de ọjọ́ àìròtẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn àtúntò, ẹni tí ó ni ẹ̀rọ yóò béèrè ohun tí ó tọ́ kí ó béèrè: "Ta ni yóò sanwó èyí tí mo fi pamọ́?" Bí owó kò bá sí fún un, kò ní fi pamọ́. Bákan náà ni ẹni tí ń pín iná. Òun náà ní ìwé ìṣirò. Bí iná bá kún ilẹ̀, tí a sì ní kí ó gba púpọ̀ sí i, ó lè kọ̀ ọ́, nítorí pé ó mọ àdúgbò tí kì í sanwó. Ará àdúgbò náà wà nínú òkùnkùn, iná sì wà lórí ìlà tí kò rí ibi lọ. Ẹni tí ń ta gáàsì náà ní gbèsè wà lọ́rùn àwọn oníbàárà òun, ó sì lè ti ẹ̀rọ ìṣànwọlé. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí a lè pè ní ọ̀daràn. Olúkúlùkù ń ṣọ́ àpò tirẹ̀. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà 50 kò ní àpò, kò sì ní ẹnu tí yóò fi sọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ kí á fi ìṣirò díẹ̀ ṣàlàyé. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo nínú mẹ́fà tí ó wà ní Egbin lè pèsè 220 megawatts. Bí gbogbo Nàìjíríà bá ń lo 4,000 lọ́jọ́ kan, ẹ̀rọ kan yẹn tó ìdá kan nínú méjìdínlógún. Ẹ fojú inú wo ènìyàn méjìdínlógún tí wọ́n jọ gbé òpó igi ńlá lé èjìká, tí ọ̀kan sì yọ èjìká rẹ̀ láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Bí àwọn yòókù bá ti ń lo gbogbo agbára wọn tẹ́lẹ̀, òpó yóò tẹ̀ sórí wọn. Nọ́ńbà á wálẹ̀. Ẹ̀rọ mìíràn á gbọ̀n, á sì já ara rẹ̀ kúrò kí ó má baà bàjẹ́. Ìyẹn á tún mú kí òmíràn já. Láàrin ìṣẹ́jú díẹ̀, gbogbo rẹ̀ á ti dákẹ́. Ní orílẹ̀-èdè bíi Gẹ̀ẹ́sì, tí ohun tí wọ́n ń lò nígbà òtútù ń kọjá 40,000, irú ẹ̀rọ kan bẹ́ẹ̀ lè já kí ẹni tí ń mu tíì má mọ̀. Nàìjíríà, tí ènìyàn inú rẹ̀ ju 200 mílíọ̀nù lọ, èyí tí ó tíì pèsè pọ̀ jùlọ títí di oṣù kẹta ọdún 2025 kò ju 5,800 àti díẹ̀ lọ. Tálákà tí kò ní àfipamọ́ kò gbọdọ̀ ṣubú.

Kí ó má baà ṣubú, a máa ń gé iná. Ibí yìí ni iṣẹ́ náà ti wúwo lọ́kàn jù. Ẹni tí ó jókòó nídìí tábìlì mọ̀ pé orúkọ ìlà ni òun ń pè, ṣùgbọ́n ìlú ni òun ń pa. Lóru ààwẹ̀, ó mọ̀ pé àwọn obìnrin ń se sàárì lọ́wọ́. Ó mọ̀ pé ilé-ìwòsàn wà lójú ìlà náà, pé jẹnẹrétọ̀ wọn lè jẹ́ èyí tí ó dára tàbí èyí tí kò lépo. Ó ní àkọsílẹ̀ tí ó yẹ kí ó tẹ̀lé: ẹni tí ó bá ń fà ju ìpín rẹ̀ lọ ni kí á kọ́kọ́ gé. Ṣùgbọ́n ìpè lè dé láti ọ̀dọ̀ ènìyàn ńlá kan pé kí wọ́n má fọwọ́ kan àdúgbò òun. Bí ó bá gbà, ibòmíràn ni yóò gé dípò rẹ̀, àwọn tí wọn kò mọ ẹni tí wọn lè pè. Ìdánwò náà kì í pẹ́ ju ìṣẹ́jú kan lọ. Adájọ́ nínú kóòtù lè sún ẹjọ́ síwájú kí ó lọ ronú. Ẹni tí ó ń wo 49.2 tí ó ń di 49.0 kò ní irú ààyè bẹ́ẹ̀.

Bí ó bá sì ti ṣubú, gbígbé e dìde kì í ṣe ọ̀rọ̀ títan bọ́tìnnì. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ni ó nílò iná kí ó tó lè ṣe iná. Àwọn tí omi ń yí àti àwọn gáàsì díẹ̀ ni wọ́n lè dá dìde. Láti ọ̀dọ̀ wọn ni a ó ti máa fi ìlà kan kún ìlà kejì. Ìlà gígùn tí kò ní ẹrù, bíi èyí tí ó ti Jẹ́bà wá sí Òṣogbo, tí ó tó kìlómítà 157, a máa gbé agbára wáyà sókè ju bí ó ti yẹ lọ. Nítorí náà a ó bẹ ìlú kan kí ó gba díẹ̀, kò gbọdọ̀ pọ̀, kò gbọdọ̀ kéré. Àṣìgbé kan, gbogbo rẹ̀ á tún wó. Nínú oṣù kẹwàá ọdún 2024 nìkan, ó wó ní ọjọ́ kẹrìnlá, ó tún wó ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, ó sì tún wó ní ọjọ́ kọkàndínlógún. Kí oṣù náà tó parí, àwọn jàǹdùkú ba ìlà tí ó ti Shiroro lọ sí Kàdúná jẹ́, ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ní Àríwá sì wà nínú òkùnkùn fún ọjọ́ púpọ̀.

Kí ni ẹ̀sìn wa sọ sí i? Gbogbo wa ni a gbọ́ àpèjúwe tí Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ìgẹ̀ Ọlọ́hun máa bá a, ṣe nípa àwọn tí wọ́n jọ wọ ọkọ̀ ojú omi kan, tí àwọn kan wà lókè, tí àwọn kan wà nísàlẹ̀. Àwọn ti ìsàlẹ̀ rò pé àwọn lè lu ihò sí ibi tiwọn láti máa fa omi, kí àwọn má baà máa yọ ará òkè lẹ́nu. Bí ará òkè bá wò wọ́n níran, gbogbo wọn ni yóò rì. A kò tíì rí àpèjúwe tí ó bá gíríìdì mu tó èyí. Ìpín olúkúlùkù jẹ́ tirẹ̀, ṣùgbọ́n omi tí ó bá wọlé kò mọ ààlà ìpín.

Àwọn kan á tún mú hádíìsì mìíràn wá, èyí tí ó sọ pé àwọn Mùsùlùmí jọ ni omi, koríko àti iná. Wọ́n á ní: ṣé ó tọ́ nígbà náà kí wọ́n máa ta iná fún wa? Àwọn àáfà ti ṣàlàyé pé omi inú odò jẹ́ ti gbogbo ayé, ṣùgbọ́n ẹni tí ó fi orí rẹ̀ rù ú dé ilé ẹlòmíràn lẹ́tọ̀ọ́ sí owó iṣẹ́ rẹ̀. Ní ojú tiwa, bẹ́ẹ̀ ni iná rí. Owó wáyà, owó gáàsì, owó òṣìṣẹ́ tí ń gun òpó nínú òjò, gbèsè ni wọ́n. Ohun tí kò tọ́ ni kí á fi òṣùwọ̀n èké gba owó náà. Ọlọ́hun sọ Súrà odidi kan nípa àwọn tí ń dín òṣùwọ̀n kù, ègbé ni ó sì fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Òṣùwọ̀n èké ní ojú méjì. Ẹni tí kò ní mítà, tí wọ́n ń fi àfojúdá kọ owó ránṣẹ́ sí, tí ó sanwó òkùnkùn, wọ́n dín òṣùwọ̀n rẹ̀ kù. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó gba ẹ̀yìn mítà fa wáyà, tí ó sì ń tan ẹ̀rọ amúlétutù, òun náà dín òṣùwọ̀n ẹlòmíràn kù. A ti rí i lára ilé ọlọ́lá, a ti rí i lára ṣọ́ọ̀bù, kí Ọlọ́hun sì forí jì wá, a ti rí i lára ilé ìjọsìn. Ẹni tí ó gbé epo lájà kò jalè bí ẹni tí ó gbà á sílẹ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, NERC gbé owó kílówáàtì kan fún wákàtí kan kúrò ní nǹkan bí 68 náírà lọ sí 225 fún àwọn tí wọ́n wà ní ìsọ̀rí A, tí wọ́n ṣèlérí iná wákàtí 20 lójúmọ́ fún. Ẹni tí ó bá ń san irú owó yẹn ní ẹ̀tọ́ láti ka wákàtí rẹ̀.

Kí á má sì rò pé Nàìjíríà nìkan ni ọjà iná ti dójú tì. Ní California, ní Amẹ́ríkà, wọ́n ṣí irú ọjà bẹ́ẹ̀ ní ọdún 1998. Ní ọdún 2000 sí 2001, iná bẹ̀rẹ̀ sí í lọ ní àdúgbò kan tẹ̀lé òmíràn, ní ìpínlẹ̀ tí ó lówó tó bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn-ọ-rẹyìn, ẹ̀rí jáde pé àwọn alágbàtà Enron ní kí wọ́n pa ẹ̀rọ kan tí kò ṣàìsàn, kí iná lè wọ́n, kí èrè wọn sì pọ̀. Enron yìí kan náà ni ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó bá ṣe àdéhùn ní 1999 lórí ẹ̀rọ iná orí omi, kí ó tó di ti AES. Àwọn olùdarí gíríìdì California rí òkùnkùn, wọn kò tètè rí ọwọ́ tí ó fà á. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé ọjà tí ó ní òfin, tí kò ní ẹni tí ń ṣọ́ òṣùwọ̀n, ìkẹ́kùn ni.

Nítorí náà ni inú wa fi dùn sí ohun kan nínú òfin tuntun ọdún 2023. Tẹ́lẹ̀, TCN ni ó ni ìlà, òun náà ni ó ń darí. Bí ìlà tirẹ̀ bá já, òun ni yóò jẹ́rìí. Ní 2024, NERC pàṣẹ kí á yọ ìdarí kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ fún ilé-iṣẹ́ mìíràn, NISO, tí kò ra iná, tí kò tà á, tí kò sì ni wáyà. Ẹni tí ó ni ọjà kò yẹ kí ó jẹ́ ẹni tí yóò di òṣùwọ̀n mú. Òfin yìí kan náà fún àwọn ìpínlẹ̀ láyè láti dá ọjà iná tiwọn sílẹ̀. Èkìtì àti Oǹdó wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ gba ìṣọ́ ọjà wọn. Ohun rere ni, bí wọn kò bá gbàgbé pé ọkọ̀ kan náà ni wọ́n ṣì wà nínú rẹ̀. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, hẹ́rẹ́húrú rẹ̀ kò ní jẹ́ kí á sùn lóru.

Ṣùgbọ́n yíyí orúkọ padà kò tó. A ti yí i padà rí. Ẹni tí a fi ṣe adi-òṣùwọ̀n-mú nílò ojú, ìyẹn ẹ̀rọ tí yóò máa fi ohun tí ń lọ ní ibùdó gbogbo hàn án lójú ẹsẹ̀. Ó nílò owó tí yóò fi ra àfipamọ́, kí ó má máa fi ẹ̀bẹ̀ tọrọ rẹ̀. Ó sì nílò ààbò, kí ìpè ènìyàn ńlá má lè gbé ìka rẹ̀ kúrò lórí ìlà kan lọ sórí òmíràn. Bí a bá fún un ní iṣẹ́ láìfún un ní mẹ́ta yìí, a kàn wá ẹni tuntun tí a ó máa bú ni.

Ẹ̀yin ará wa, ní ọjọ́ Àlùkìyámọ̀, òṣùwọ̀n tí kò ní yẹ̀ ni a ó gbé kalẹ̀. Kí oníṣòwò iná rántí rẹ̀ kí ó tó kọ owó àfojúdá, kí aláṣẹ rántí rẹ̀ kí ó tó gbé tẹlifóònù, kí àwa náà rántí rẹ̀ kí a tó gba ẹ̀yìn mítà. Kí Ọlọ́hun tan ìmọ́lẹ̀ sí ilé wa, sí ìlú wa àti sí sàréè wa. Àmín.